Ègé Abẹ́ Ègé Nínú Àwòrán Tí Kọ̀ǹpútà Tọpa

Bí ènìyàn bá ya fọ́tò Ìbàdàndùn, adìrẹ ẹlẹ́kọ tí àwọn obìnrin Ìbàdàn fi òpó Gbọ̀ngàn Màpó dárà sí, tí ó sì ní kí kọ̀ǹpútà fi ìlà tọpa àwọn òpó náà, ó lè rí ẹ̀dà méjì gbà tí ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn. Òpó tí ó wà nínú ọ̀kan náà ni ó wà nínú èkejì; bí àwọ̀ aró ti ṣú níhìn-ín ni ó ṣe ṣú lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀dà méjèèjì ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀bẹ gé páálí, ẹ̀rọ náà yóò gé ọ̀kan dáradára, yóò sì fa èkejì ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ohun tí ó fa èyí kò sí ní ojú àwòrán rárá. Abẹ́ rẹ̀ ni ó wà. Nínú ẹ̀dà kìn-ín-ní, ègé kọ̀ọ̀kan dúró ní ààyè tirẹ̀. Nínú èkejì, ègé sùn lórí ègé, ìlà sì ń gba abẹ́ kọjá níbi tí ojú kò dé. Ó yẹ kí ẹni tí ń kó àwòrán iṣẹ́ ọnà Yorùbá jọ sínú kọ̀ǹpútà mọ ibi tí ègé abẹ́ ègé yìí ti ń wá, ìgbà tí ó ń ṣe ibi àti ìgbà tí kì í ṣe ibi, àti bí a ṣe ń mú un kúrò láìba àwòrán jẹ́.

Oríṣi àwòrán méjì ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú. Èkínní ni èyí tí kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ sikánà ń mú wá. Àkójọ hóró àwọ̀ kéékèèké ni, tí wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ bí hóró ti tò sí ara odidi àgbàdo. Hóró kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, kò sì mọ ohunkóhun nípa èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá fẹ àwòrán náà títí, àwọn hóró á yọ sí gbangba, etí rẹ̀ á sì rí gbágungbàgun. Èkejì ni àwòrán onílà. Níhìn-ín, kì í ṣe hóró ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú bí kò ṣe àlàyé bí ìlà ti lọ: ibí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, báyìí ni kí ó ṣe wọ́, ọ̀hún ni kí ó parí sí, àwọ̀ báyìí ni kí a fi kún inú rẹ̀. Ìlà tí ó bá rìn yíká títí ó fi padà dé ìdí ara rẹ̀, tí a sì fi àwọ̀ kún inú rẹ̀, ni à ń pè ní ègé níhìn-ín. Ojú ibi tí apá ìlà kan ti pàdé apá kejì ni oríkèé. Ìṣírò tí ó ń darí bí ìlà ṣe ń wọ́ láti oríkèé kan dé òmíràn wá láti ọwọ́ àwọn tí ń ya ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, Paul de Casteljau ní ilé iṣẹ́ Citroën àti Pierre Bézier ní ti Renault. Nítorí pé ìṣírò ni, kò sí bí a ṣe lè fẹ àwòrán onílà tó tí etí rẹ̀ yóò di gbágungbàgun.

Títọpa ni iṣẹ́ sísọ àwòrán oníhóró di onílà. Ètò kan tí ó lókìkí fún iṣẹ́ yìí ni Potrace, èyí tí Peter Selinger, onímọ̀ ìṣírò tí ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Dalhousie ní Kánádà, gbé jáde ní 2001, tí ó sì kọ àlàyé rẹ̀ ní 2003. Inkscape, ètò ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003 kan náà, gba Potrace sínú ara rẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà lò ó láìmọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn nípa Potrace ni pé àwọ̀ méjì péré ni ó mọ̀, dúdú àti funfun. Ó máa ń rìn ní ààlà láàárín hóró dúdú àti hóró funfun bí àgbẹ̀ ti ń rin ààlà oko, á sọ ìrìn náà di ìlà olórígun púpọ̀, lẹ́yìn náà á wá mú àwọn orígun náà rọ̀ títí wọn yóò fi wọ́ bí ó ti yẹ. Bí àwòrán bá jẹ́ dúdú àti funfun pátápátá, kò sí ègé abẹ́ ègé tí yóò jáde nínú iṣẹ́ yìí. Gbogbo dúdú yóò di ara kan ṣoṣo, ihò tí ó bá wà nínú rẹ̀ yóò sì jẹ́ ihò ní tòótọ́.

Àwọ̀ ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí àwòrán bá ní àwọ̀ púpọ̀, Inkscape ní láti pe Potrace lẹ́ẹ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì to àwọn èsì rẹ̀ jọ. Aṣọ aró jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Ká ní ẹni tí ó ń tọpa Ìbàdàndùn yan ìpele àwọ̀ mẹ́ta: funfun ibi tí ẹ̀kọ ti bo aṣọ, aró fẹ́ẹ́rẹ́ ibi tí ẹ̀kọ ti sán tí aró sì yọ́ wọlé, àti aró dúdú ti ilẹ̀ aṣọ gan-an. Bí àṣàyàn tí wọ́n ń pè ní Stack bá wà ní títàn, ohun tí yóò jáde ni abala funfun tí ó gbòòrò bí aṣọ náà ti gbòòrò tó. Lórí rẹ̀ ni abala aró fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo ibi aró fẹ́ẹ́rẹ́ àti ibi aró dúdú pọ̀. Lórí gbogbo rẹ̀ ni abala aró dúdú nìkan. Ẹni tí ó wọ agbádá lé bùbá kò gé ihò sí àyà bùbá nítorí pé agbádá ti bo ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò yìí ṣe ń ṣe: abala ìsàlẹ̀ kì í dẹ́kun níbi tí ti òkè bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò máa lọ lábẹ́ rẹ̀ ní odidi.

Bí a bá pa Stack, abala kọ̀ọ̀kan yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Èyí dà bí ẹni pé ó ti yanjú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó mú ìṣòro mìíràn wá. Ààlà kan náà ni ètò náà tọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan fún aró fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kan fún aró dúdú, kò sì sí ìdánilójú pé ìgbà méjèèjì ni yóò mú un rọ̀ lọ́nà kan náà. Nítorí náà àlàfo tín-ín-rín á ṣẹ́ kù níbì kan, ègé á sì fi etí lé etí níbòmíràn. Illustrator, ètò ilé iṣẹ́ Adobe, tí ó gbé ohun èlò ìtọpa kan wọlé ní 2005 tí ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2012, gbé irú àṣàyàn méjì yìí kalẹ̀ fún ẹni tí ń lò ó, ó pe ọ̀kan ní Abutting, ó pe èkejì ní Overlapping. Lábẹ́ Abutting, ó máa ń gé ti ìsàlẹ̀ kúrò kí ti òkè lè bá a dọ́gba. Lábẹ́ Overlapping, agbádá lé bùbá ni.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kà á sí pé ègé abẹ́ ègé jẹ́ àbùkù nígbà gbogbo. Fún àwòrán tí a fẹ́ wò lójú kọ̀ǹpútà lásán, ó sàn jù. Nígbà tí ègé méjì bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìsí èyí tí ó wọ abẹ́ èkejì, kọ̀ǹpútà ń ṣírò àwọ̀ etí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọ̀ ẹ̀yìn á sì yọ láàárín wọn bí òwú funfun tín-ín-rín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ààlà wọn bára mu ní ti ìṣírò. Àwọn atẹ̀wé pàápàá mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí pé bébà máa ń yẹ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń mú kí àwọ̀ kan wọ abẹ́ èkejì ní ìwọ̀n irun orí, kí funfun bébà má baà hàn láàárín.

Ibi tí ègé abẹ́ ègé ti ń pa iṣẹ́ lára ni ibi tí ẹni tí ń ka àwòrán náà kì í ṣe ojú. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ agépáálí àti iná ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gé igi kò mọ àwọ̀, ìlà ni wọ́n mọ̀. Ìlà tí ó bá wà nínú fáìlì ni wọn yóò tọ̀, ì báà hàn, ì báà fara pamọ́. Ẹ̀rọ tí ń kó iṣẹ́ ọnà sí aṣọ lè fi òwú rán ibi kan náà lẹ́ẹ̀mẹta títí aṣọ yóò fi le gbagidi. Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ kí àwọ̀ kan fẹ́ẹ́rẹ́ kí ohun tí ó wà lẹ́yìn lè hàn gba inú rẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ hàn ni ègé tí ó ti farapamọ́ sí abẹ́.

Àwọn agépáànù Abẹ́òkúta kò ní irú ìṣòro yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, nígbà tí òwò adìrẹ gbilẹ̀, àwọn ọkùnrin ìlú náà ń gé ihò sí ara páànù pẹlẹbẹ, wọ́n sì ń tẹ ẹ̀kọ láfún gba inú ihò náà sí ara aṣọ kí a tó rì í sínú aró. Páànù kò ní abẹ́. Ibi kan nínú rẹ̀ yálà ihò ni tàbí kì í ṣe ihò, kò sí ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó fẹ́ gé òrùka kò lè gé e yíká tán, nítorí pé àárín òrùka náà yóò jábọ́. Ó ní láti fi afárá kéékèèké sílẹ̀ tí yóò di àárín mú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwòrán adìrẹ páànù fi kún fún ìlà kúkúrú tí ó já láàárín, tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé ẹwà nìkan ni wọ́n fi wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà gé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí ní láti mú àwòrán rẹ̀ padà sí ipò páànù: kí ó má ní abẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti rí ohun tí ó wà. Nínú Inkscape, a lè ní kí ètò náà bọ́ gbogbo àwọ̀ sílẹ̀, kí ó fi ìlà nìkan hàn. Ìrísí yìí ni wọ́n ń pè ní Outline. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí iṣẹ́ rẹ̀ báyìí yóò yà sí i, nítorí pé òpó kan tí ó rò pé ègé kan ṣoṣo ni lè ní ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó dì mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni kí ó tú ìdìpọ̀ tí ètò náà kó àwọn abala sí, kí ó lè di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú.

Níbi títú yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dá ègé abẹ́ ègé tuntun sílẹ̀ fún ara wọn. Àṣẹ kan wà tí ń jẹ́ Break Apart, tí ó ń ya gbogbo ìlà inú abala kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlà tí ó yí ègé ká àti ìlà tí ó yí ihò ká. Bí a bá lò ó fún lẹ́tà o, ihò àárín rẹ̀ yóò di ègé tirẹ̀, dúdú lórí dúdú, o yóò sì di ẹyin. Ẹni tí ó bá ti ṣe èyí sí odidi aṣọ yóò rí i pé gbogbo ibi funfun inú iṣẹ́ náà ti kún. Kò sí ohun tí ó sọnù, àwọn ihò náà wà níbẹ̀ bí ègé. Kí ó tètè dá àṣẹ náà padà ni ó dára jù.

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ ohun tí ó wà, irú àwọ̀ tí àwọn ègé méjì ní ni ó ń sọ ohun tí a óò ṣe sí wọn. Bí àwọ̀ wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, Union ni àṣẹ tí ó yẹ. Yóò sọ àwọn méjèèjì di ẹyọ kan, yóò sì pa gbogbo ìlà tí ó wà láàárín wọn rẹ́. Combine wà nítòsí rẹ̀ lórí àtòjọ àṣẹ, orúkọ méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìtumọ̀ kan náà létí ẹni tí kò tíì lò wọ́n. Ìjọra yìí ti da iṣẹ́ púpọ̀ rú. Combine kì í pa ìlà kankan rẹ́. Ó kàn ń so ègé méjì mọ́ra bí ẹni so ewúrẹ́ méjì mọ́ èèkàn kan ni, ibi tí wọ́n sì ti bo ara wọn lè di ihò.

Bí àwọ̀ wọn kò bá jọ ara, Difference ni a óò lò. Ó ń mú ìwọ̀n ègé òkè kúrò lára ti ìsàlẹ̀, bí ẹni fi ike gé àkàrà òyìnbó. Ṣùgbọ́n ègé òkè náà yóò pòórá lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, nítorí náà a ní láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí a tó pàṣẹ, kí ọ̀kan lọ, kí ọ̀kan kù.

Ètò ìṣiṣẹ́ tún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ó wù ènìyàn láti bẹ̀rẹ̀ láti òkè nítorí pé òkè ni ojú rí. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú abala mẹ́ta Ìbàdàndùn yóò kọ́kọ́ yọ aró dúdú kúrò lára aró fẹ́ẹ́rẹ́. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n aró fẹ́ẹ́rẹ́ ti wá ní ihò nísinsìnyí níbi tí aró dúdú wà. Nígbà tí a bá sì wá lò ó láti gé abala funfun, kò ní lè gé ibi ihò náà. Funfun yóò ṣẹ́ kù sábẹ́ aró dúdú, ojú kò sì ní rí i. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Aró fẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà ní odidi, ó sì bo gbogbo ibi tí ó yẹ kí a mú kúrò lára funfun. A ó fi ẹ̀dà rẹ̀ gé funfun, lẹ́yìn náà ni a ó fi ẹ̀dà aró dúdú gé aró fẹ́ẹ́rẹ́. Aró dúdú kò ní ohun tí ó bò ó, a ó fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Iye abala yòówù tí ó bá jẹ́, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni ọ̀nà rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ pé Stack ni ó tò wọ́n.

Àwọn irinṣẹ́ kan wà tí ń ṣe púpọ̀ nínú èyí lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú Illustrator, Trim ń gé gbogbo ohun tí ó farapamọ́ dànù, Merge sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tún tó so àwọn ègé tí àwọ̀ wọn dọ́gba pọ̀. Inkscape gbé Shape Builder wọlé ní 2023 nínú ẹ̀dà 1.3. Irinṣẹ́ yìí ń fọ́ gbogbo ìlà tí ó pàdé ara wọn sí abala wẹ́wẹ́, ẹni tí ń lò ó á sì fi ọwọ́ tọ́ka sí èyí tí ó fẹ́ kí ó so pọ̀ àti èyí tí ó fẹ́ kí ó lọ. Fún àwòrán kékeré, ó dùn ún lò. Fún odidi aṣọ tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé, yóò mú kọ̀ǹpútà tí kò lágbára dákú.

Ohun yòówù tí a bá lò, pàǹtírí yóò ṣẹ́ kù. Níbi tí ààlà méjì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu ṣùgbọ́n tí wọn kò bára mu tán, gígé ń fi ègé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ bí èérún igi, oríkèé á sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àṣẹ Simplify ń dín oríkèé kù, ṣùgbọ́n ó ń yí ìlà padà díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tí a bá lò ó, orígun òpó Màpó á sì di ohun tí ó rí róbótó. Ó sàn kí a fi ọwọ́ pa àwọn èérún náà rẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ń tọ́jú ìwé Yorùbá pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́, àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kì í ṣe tótó bí kò ṣe ìlà kúkúrú tí ó dúró ṣánṣán, tí ó sì fi orí kan ìdí lẹ́tà. Bí ẹnìkan bá tọpa irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ láti fi ṣe lẹ́tà kọ̀ǹpútà, ó lè ya ara o lọ́tọ̀, kí ó ya ìlà ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó sì gbé ọ̀kan wọ ara èkejì. Bóyá ibi tí wọ́n ti pàdé yóò dúdú tàbí yóò di ihò wà lọ́wọ́ òfin tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ inú yàtọ̀ sí òde. Ó máa ń fa ìlà tààrà láti ojú kan lọ sí ìta, á sì ka iye etí tí ìlà náà kọjá. Òfin kan sọ pé bí iye náà bá jẹ́ 1 tàbí 3 tàbí èyíkéyìí tí kò ṣe é pín sí méjì, inú ni ojú náà wà. Bí ó bá jẹ́ 2 tàbí 4, òde ni. Òfin kejì ń wo ìhà tí etí kọ̀ọ̀kan kọrí sí: etí tí ó lọ sí apá kan fi 1 kún iye náà, èyí tí ó lọ sí apá kejì yọ 1 kúrò, bí ohun tí ó kù kì í bá sì í ṣe òdo, inú ni.

Ní ibi tí ìlà ìsàlẹ̀ ti wọ inú ara lẹ́tà, etí méjì ni a óò kọjá. Òfin kìn-ín-ní yóò pè é ní òde, ihò funfun yóò sì wà ní ìdí lẹ́tà náà. Òfin kejì, èyí tí lẹ́tà oríṣi TrueType ń tẹ̀ lé, yóò pè é ní inú bí etí méjèèjì bá kọrí sí ìhà kan náà. Bí ọ̀kan bá kọrí sí òdìkejì, 1 yóò pa 1 run, ihò yóò tún wà. Ohun kékeré ni lójú ẹni tí ń wo lẹ́tà ńlá. Ní ìwọ̀n lẹ́tà ìwé kíkà, ihò yìí ń gé àmì kúrò lára lẹ́tà, ẹ̀rọ tí ń ka ìwé tí a ti tẹ̀ lè kà á sí ìdọ̀tí, kí ó sì sọ ọwọ́ di owó. Union nìkan ni ó tó láti dènà èyí, kí ara lẹ́tà àti àmì rẹ̀ di ẹyọ kan kí wọ́n tó jáde kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó tọpa wọn.

Ewu kan wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀bẹ tàbí ìtẹ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì kàn jùlọ. Ẹni tí ó bá ṣí fáìlì Ìbàdàndùn tí Stack tò, tí ó rí abala kan lábẹ́ èkejì, lè gbà pé òun ti rí bí aládìrẹ ṣe ṣiṣẹ́: pé ó kọ́kọ́ ya èyí, pé ó fi èyí lé e. Kò rí ohun kan bẹ́ẹ̀. Fọ́tò kò ní abẹ́. Ojú kan ni ó ní. Gbogbo abẹ́ tí ó wà nínú àwòrán tí a tọpa, ètò kọ̀ǹpútà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a, kò sì ní ìlànà mìíràn ju pé kí àwọ̀ kan lé orí èkejì. Ní ti adìrẹ gan-an, ìyẹ́ adìẹ ni obìnrin náà fi ya ẹ̀kọ sí ara aṣọ, níbi tí ẹ̀kọ bá sì ti pàdé ẹ̀kọ, funfun lásán ni yóò kù lẹ́yìn aró; ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà ìkẹyìn ti di ọ̀kan. Bí aró ṣe ṣú tó níbì kan ń sọ iye ìgbà tí wọ́n rì aṣọ náà àti bí ẹ̀kọ ṣe ki tó. Kò sọ ohun tí ọwọ́ kọ́kọ́ ṣe. Nípa bẹ́ẹ̀, mímú ègé abẹ́ ègé kúrò kì í pa ẹ̀rí kankan run. Ìtọpa gan-an ni ó lè pa ẹ̀rí run, nítorí pé ó ti sọ ẹ̀kọ tí ó sán àti aró tí ó yọ́ wọlé di ìlà tí ó dán.

Ó wá di dandan kí fọ́tò ìpilẹ̀ṣẹ̀ wà nípamọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dà onílà, kí a sì kọ iye ìpele àwọ̀ tí a yàn àti bóyá Stack wà ní títàn sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ púpọ̀ sì wà tí a lè ṣe kí a tó tọpa rárá. Kí a tẹ́ aṣọ náà pẹrẹsẹ, kí ìmọ́lẹ̀ dọ́gba lórí rẹ̀. Kí a má yan ìpele àwọ̀ mẹ́jọ fún aṣọ tí ó ní méjì. Fún adìrẹ páànù tí ó mọ́ dáadáa, dúdú àti funfun ti tó, ègé abẹ́ ègé kò sì ní wáyé. Kí a lo àṣẹ Speckles láti ní kí ètò náà fojú fo àwọn tótó tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kí ìwọ̀n rẹ̀ má pọ̀ jù, nítorí pé tótó wà nínú adìrẹ tí obìnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ ya. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, bébà lásán ni kí a kọ́kọ́ fi sí abẹ́ ọ̀bẹ ẹ̀rọ. Bí a bá gbé bébà tí a gé náà sókè sí ojú fèrèsé, ibi tí afárá ti já, ibi tí ọ̀bẹ ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì àti ibi tí èérún ti ṣẹ́ kù yóò hàn kedere. A ó sì padà sí ìrísí Outline láti tún un ṣe kí a tó fi páálí tàbí páànù ṣòfò.